Emmanuel Ifeajuna

Emmanuel Arinze Ifeajuna (tí a bí ní àárín ẹ̀wádún 1930, tí ó sì kú ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1967) jẹ́ eléré ìdárayá, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn àti ọ̀gá ológun ọmọ orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Òun ni ọmọ Áfíríkà aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó gba àmì-ẹ̀yẹ wúrà nínú Ìdíje Ilẹ̀-Ọba Gẹ̀ẹ́sì àti Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì, nígbà tí ó borí nínú ìfò-sókè ní Vancouver, ní orílẹ̀-èdè Kánádà, ní ọdún 1954. Ní ọdún 1966, ó wà lára àwọn ọ̀dọ́ ọ̀gá ológun tí ó ṣíwájú ìfipágbàjọba àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ọdún tí ó tẹ̀lé e ni wọ́n yìnbọn pa á ní Enugu.

Ìgbà èwe àti ẹ̀kọ́

Ọmọ Ìgbò ni Ifeajuna, ìlú Onitsha tí ó wà létí odò Ọya ni wọ́n sì ti bí i. Ó lọ sí Dennis Memorial Grammar School ní ìlú náà, ilé-ẹ̀kọ́ tí ìjọ CMS dá sílẹ̀ ní ọdún 1925. Ibẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í fò sókè. Ní àkókò náà, ìdíje láàárín àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga ni ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ eléré ìdárayá fi ń di ẹni mímọ̀, nítorí pé papa ìṣeré ìgbàlódé kò tíì pọ̀ ní Nàìjíríà.

Ìfò-sókè ní Nàìjíríà ṣáájú rẹ̀

Ifeajuna kọ́ ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó tayọ nínú ìfò-sókè. Josiah Majekodunmi, ọmọ Ẹ̀gbá láti Abẹ́òkúta, ti gba àmì-ẹ̀yẹ fàdákà nínú Ìdíje Ilẹ̀-Ọba Gẹ̀ẹ́sì ní Auckland, ní ọdún 1950. Nígbà tí Nàìjíríà kọ́kọ́ kópa nínú Ìdíje Òlíḿpíìkì ní Helsinki ní ọdún 1952, Majekodunmi wà nínú ikọ̀ náà, ó sì ṣe ipò kẹsàn-án. Nafiu Osagie náà bá ikọ̀ yìí lọ.

Ohun tí ìfò-sókè ń béèrè kò pọ̀ nígbà náà. Òpó méjì, ọ̀pá kan tí a gbé lé wọn lórí, àti kòtò tí a da iyanrìn sí ti tó fún ilé-ẹ̀kọ́ kan láti máa kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Èyí yàtọ̀ sí eré fífi ọ̀pá fò, tí ó nílò ọ̀pá àkànṣe, ibi ìsáré gígùn àti olùkọ́ tí ó mọ iṣẹ́ náà dunjú. Ìdí nìyí tí kò fi yani lẹ́nu pé nínú ìfò-sókè àti ìfò-jìnnà ni agbára Nàìjíríà ti kọ́kọ́ hàn, tí kò sì hàn nínú eré fífi ọ̀pá fò.

Vancouver, 1954

Ìdíje Vancouver wáyé láti ọjọ́ 30 oṣù Keje sí ọjọ́ 7 oṣù Kẹjọ ọdún 1954. Bàtà ẹsẹ̀ kan péré ni Ifeajuna wọ̀ nígbà tí ó ń fò. Ẹsẹ̀ kejì wà lásán. Ó fo ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà àti ínǹṣì mẹ́jọ, èyí tí ó jẹ́ mítà 2.03, ó sì fi gba àmì-ẹ̀yẹ wúrà. Gíga yìí ju gbogbo èyí tí ẹnikẹ́ni ti fò rí nínú ìdíje náà lọ. Patrick Etolu láti Uganda ni ó ṣe ipò kejì, Nafiu Osagie sì ṣe ipò kẹta. Ọmọ Áfíríkà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ó gba àmì-ẹ̀yẹ, méjì nínú wọn sì jẹ́ ọmọ Nàìjíríà.

Nígbà tí ó padà sí Èkó, wọ́n fi ayọ̀ ńlá pàdé rẹ̀. Wọ́n tẹ àwòrán rẹ̀ sí ẹ̀yìn ìwé àjákọ àwọn ọmọ ilé-ìwé, ó sì di ẹni tí ọmọdé mọ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè.

Agbára àwọn ẹkùn

Àṣeyọrí Vancouver bọ́ sí àkókò tí ìdíje láàárín àwọn ẹkùn Nàìjíríà ń gbóná. Òfin tuntun tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kẹwàá ọdún 1954 fún ẹkùn kọ̀ọ̀kan ní agbára púpọ̀ sí i: Ìwọ̀ Oòrùn tí olú-ìlú rẹ̀ jẹ́ Ìbàdàn, Ìlà Oòrùn tí tirẹ̀ jẹ́ Enugu, àti Àríwá tí tirẹ̀ jẹ́ Kaduna. Ìwọ̀ Oòrùn lè fi Majekodunmi yangàn, Ìlà Oòrùn sì lè fi Ifeajuna ṣe tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹni kan tí ó gba wúrà kò fi hàn pé ẹkùn rẹ̀ ní eléré púpọ̀. Àwọn tí ó tẹ̀lé e ni a fi ń mọ bí agbára náà ti jinlẹ̀ tó. Ní Vancouver, Karim Olowu gba fàdákà nínú ìfò-jìnnà, Sylvanus Williams sì gba idẹ. Olowu wà pẹ̀lú Muslim Arogundade, Edward Ajado àti Abdul Karim Amu nínú ikọ̀ tí ó gba fàdákà nínú eré ìje àfigbà-fúnra-ẹni. Bí a bá pa àwọn orúkọ wọ̀nyí pọ̀, a ó rí i pé agbára Nàìjíríà nínú ìfò àti ìsáré kò ti ẹkùn kan ṣoṣo wá. Lẹ́yìn Ifeajuna, Julius Chigbolu ni ó fò sókè fún Nàìjíríà ní Ìdíje Òlíḿpíìkì Melbourne ní ọdún 1956.

Ní Ìbàdàn

Lẹ́yìn Vancouver, Ifeajuna wọ Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn, níbi tí ó ti kọ́ ẹ̀kọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Wọ́n dá kọ́lẹ́ẹ̀jì náà sílẹ̀ ní ọdún 1948. Ẹlẹ́yẹlé ni ó ti bẹ̀rẹ̀ kí ó tó kó lọ sí ibi tí ó wà títí di òní, oyè Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ni ó sì ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ nígbà náà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wá síbẹ̀ láti gbogbo ẹkùn. Lára àwọn tí Ifeajuna bá dọ́rẹ̀ẹ́ ni Christopher Okigbo àti J. P. Clark, tí àwọn méjèèjì di akéwì olókìkí.

Ọgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì jìnnà díẹ̀ sí àárín Ìbàdàn àtijọ́, ṣùgbọ́n ariwo òṣèlú ìlú kò ṣàì dé ibẹ̀. Àwọn ọdún yìí gan-an ni Adégòkè Adélabú ń kó èrò jọ ní Ọjà'ba, Bẹẹrẹ àti Mápó, títí tí ìjàm̀bá ọkọ̀ fi pa á ní oṣù Kẹta ọdún 1958. Ifeajuna náà yí ojú sí òṣèlú, láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Kò tún kópa nínú ìdíje ńlá kankan mọ́: ẹni tí ó ga jù lọ nínú ìfò-sókè ní Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì fi eré ìdárayá sílẹ̀ nígbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà.

Iṣẹ́ ológun àti ìfipágbàjọba ọdún 1966

Lẹ́yìn tí ó gboyè, ó ṣe iṣẹ́ olùkọ́ fún ìgbà díẹ̀. Ní ọdún 1960 ó wọ iṣẹ́ ológun, wọ́n sì rán an lọ sí Aldershot ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Àwọn tí ó gboyè yunifásítì kò pọ̀ nínú iṣẹ́ ológun nígbà náà. Ó dé ipò Májọ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́ ní Èkó lábẹ́ Bìrìgédíà Zakariya Maimalari.

Ní òru ọjọ́ 15 oṣù Kìíní ọdún 1966, òun àti Májọ̀ Chukwuma Kaduna Nzeogwu wà lára àwọn olórí ìfipágbàjọba náà. Nzeogwu ṣíwájú ní Kaduna, Ifeajuna sì ṣíwájú ní Èkó, níbi tí wọ́n ti mú Alákóso Àgbà, Abubakar Tafawa Balewa, tí wọ́n sì pa á. Maimalari, ọ̀gá Ifeajuna fúnra rẹ̀, wà lára àwọn tí ó kú. Ní Ìbàdàn, àwọn ológun tí Kápútẹ́ẹ̀nì Emmanuel Nwobosi kó wá láti Abẹ́òkúta pa Olórí Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn, Samuel Ládòkè Akíntọ́lá, nínú ilé rẹ̀.

Ètò náà forí ṣánpọ́n ní Èkó, ìjọba sì bọ́ sọ́wọ́ Ọ̀gágun Johnson Aguiyi-Ironsi. Ifeajuna sá lọ sí Ghana. Okigbo àti Clark wà lára àwọn tí ó rọ̀ ọ́ kí ó padà wálé. Nígbà tí ó padà, wọ́n fi í sí àtìmọ́lé.

Ogun abẹ́lé àti ikú

Ìlà Oòrùn kéde ara rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Biafra ní ọjọ́ 30 oṣù Karùn-ún ọdún 1967, ogun sì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Keje. Ifeajuna, tí ó ti gba ìtúsílẹ̀, wà lọ́dọ̀ àwọn ọmọ ogun Biafra. Ní oṣù Kẹjọ, Victor Banjo, ọmọ Yorùbá tí ó ń jagun fún Biafra, kó ọmọ ogun la Àárín-Ìwọ̀ Oòrùn kọjá títí dé Ọ̀rẹ̀, kí wọ́n tó dá wọn padà.

Lẹ́yìn ìṣubú yìí, ìjọba Odumegwu Ojukwu fi ẹ̀sùn kan Banjo, Ifeajuna, Philip Alale àti Sam Agbam pé wọ́n ń gbìmọ̀ láti dojú ìjọba náà bolẹ̀. Wọ́n dá wọn lẹ́jọ́ ikú, wọ́n sì yìnbọn pa àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní Enugu ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹsàn-án. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà tí Enugu bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀.

Ìrántí rẹ̀

Àwọn ìjọba tí ó jẹ lẹ́yìn ogun kò kà á sí akọni. Lójú àwọn tí ìfipágbàjọba ọdún 1966 pa ènìyàn wọn, ọ̀tẹ̀ ni ó ṣe. Lójú ìjọba Biafra náà, ọ̀tẹ̀ ni wọ́n tún kà sí i lọ́rùn. Nítorí náà, ìhà méjèèjì tí ó bára wọn jagun kò ní ìdí láti máa pe orúkọ rẹ̀. Síbẹ̀, èsì Vancouver kò yí padà: lọ́dún 1954, ọmọ Nàìjíríà ni ó fò ga jù lọ, àwòrán rẹ̀ sì wà ní ẹ̀yìn ìwé àwọn ọmọ ilé-ìwé kan náà tí ogun bá ní ọ̀dọ́ ní ọdún 1967.