Nyerere àti Ogun Ùgáńdà
Olùkọ́ ni Julius Nyerere kó tó di olórí Tànsáníà. Mwalimu ni wọ́n ń pè é títí ó fi kú ní 1999. Ní 1978, àwọn ọmọ ogun Idi Amin láti Ùgáńdà ya wọ Kagera, wọ́n pa ará ìlú. Nyerere lé wọn jáde, ṣùgbọ́n kò dúró ní ààlà: ní oṣù kẹrin 1979, ó gba Kampala, Amin sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ní ìpàdé Àjọ Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Áfíríkà ní Monrovia lọ́dún náà, Ọbásanjọ́ tiwa wà lára àwọn tó bá a wí. Àwa kò gbà. Àjọ yìí kan náà ló fi Amin ṣe alága ní 1975, nígbà tó ń pa àwọn èèyàn rẹ̀! Àmọ́ ogun náà gbọ́n àpò Tànsáníà gbẹ, ọdún 1981 ni àwọn ọmọ ogun rẹ̀ sì tó kúrò ní Ùgáńdà tán.