Cicely Williams: Dókítà tó fi hàn pé ikùn kíkún nìkan kọ́ ni ìlera

Oúnjẹ lọ̀rẹ́ àwọ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ti máa ń wí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo oúnjẹ tó ń kún ikùn ọmọdé ló ń bọ́ ara rẹ̀. Lára àwọn tó fi òótọ́ yìí ye àwọn oníṣègùn ayé ni Dókítà Cicely Williams.

Erékùṣù Jàmáíkà ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1893. Ogun Àgbáyé Kìíní ló ṣílẹ̀kùn iṣẹ́ ìṣègùn fún un ní Yunifásítì Oxford, nítorí pé ọ̀pọ̀ ọkùnrin ti lọ sójú ogun. Ó di dókítà lọ́dún 1923. Nígbà tó di 1929, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé e lọ sí Gold Coast, orílẹ̀-èdè tó ń jẹ́ Gánà lónìí.

Ibẹ̀ ló ti rí àwọn ọmọ kéékèèké tí ẹsẹ̀ wọn wú, tí irun wọn pọ́n, tí awọ ara wọn ń bó, tí púpọ̀ nínú wọn sì ń kú. Ebi kọ́ ló ń pa wọ́n. Wọ́n ń mu ẹ̀kọ àgbàdo. Williams kò fojú tín-ín-rín àwọn obìnrin ìlú. Ó béèrè orúkọ àìsàn náà lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì pè é ní kwashiorkor lédè Gà, ìyẹn àìsàn ọmọ tí àbúrò ti gba ọmú mọ́ lọ́wọ́. Ó tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde lọ́dún 1933, ó sì lo orúkọ yìí nínú ìwé ìròyìn Lancet lọ́dún 1935. Àwọn ọ̀gá kan takò ó, kò yẹsẹ̀.

Ní Singapore lọ́dún 1939, ó bẹnu àtẹ́ lu àwọn tó ń ta mílíìkì inú agolo dípò ọmú ìyá. Àwọn ọmọ ogun Jàpáànù tì í mọ́lé nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ebi sì sọ òun náà di aláìsàn. Lọ́dún 1948, ó di olórí àkọ́kọ́ fún ẹ̀ka ìlera ìyá àti ọmọ ní Àjọ Ìlera Àgbáyé. Ẹni ọdún 98 ni nígbà tó kú lọ́dún 1992.

Ìbéèrè kan ṣẹ́kù lẹ́yìn rẹ̀: kí ló dé tí àìsàn yìí fi ń mú ọ̀kan nínú ìbejì tó jọ ń jẹ oúnjẹ kan náà, tó sì ń fi èkejì sílẹ̀? Lọ́dún 2013, àwọn onímọ̀ tí Jeffrey Gordon jẹ́ ọ̀kan nínú olórí wọn tẹ ìwádìí lórí ìbejì 317 ní Màláwì jáde. Wọ́n mú kòkòrò àìfojúrí inú ìfun àwọn ọmọ náà, wọ́n fi sínú èkúté, wọ́n sì fún èkúté ní irú oúnjẹ àwọn ará Màláwì. Àwọn tó gba kòkòrò ọmọ tó ń ṣàìsàn rù gan-an. Oúnjẹ àti kòkòrò inú ìfun ló jọ ń ṣiṣẹ́ ibi náà.

Lọ́dún 2021, ìwádìí mìíràn ní Bangladesh fi hàn pé oúnjẹ tí wọ́n fi ẹ̀pà, sóyà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò tíì pọ́n àti irú ẹ̀wà kan ṣe ran àwọn kòkòrò rere inú ìfun lọ́wọ́, ó sì mú àwọn ọmọ tó rù sanra ju oúnjẹ ìtọ́jú tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ lọ.

Ẹ̀pà, ẹ̀wà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò ṣàjèjì lọ́jà Ìdànrè. Ìyá tó bá ń fi ẹ̀wà tàbí ẹyin ti ògì ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn ń tẹ̀ lé ẹ̀kọ́ tí Williams kọ́ ayé láti ìgbà náà.