Bàbátúndé Ọlátúnjí (1927–2003): Onílù tí Ó Kọ́lé fún Ìlù ní Ilẹ̀ Amẹ́ríkà

Ìfáàrà

Kò sí ọmọ bíbí Ọ̀wọ̀ tí kò mọ̀ pé ìlù kì í ṣe ohun ìdárayá lásán. Ní àkókò ọdún Igogo, tí a fi ń ṣe ìrántí ayaba Ọ̀rọnṣẹ̀n, ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ni a kì í fi lu ìlù nínú ìlú. Agogo ni à ń lù dípò rẹ̀. Bí ìlù bá dákẹ́, ohun kan ni ó ń sọ. Bí ó bá sì tún dún, ohun mìíràn ni ó ń sọ. Ẹni tí ó bá mọ èyí ni yóò lóye ìgbésí ayé ọkùnrin tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú iṣẹ́ yìí.

Ní agbègbè Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀, tàgbà-tèwe ni ó mọ olóògbé Orlando Owoh, ẹni tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ifọn, tí ìyá rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ Ọ̀wọ̀. Ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wa má mọ Bàbátúndé Ọlátúnjí, bẹ́ẹ̀ inú ilé tí ó dá sílẹ̀ ni ọ̀kan nínú àwọn afunfèrè tí ó lókìkí jù lọ láyé ti ṣe eré ìkẹyìn rẹ̀ tí a gbà sílẹ̀.

Ìbí àti Ìgbà Èwe

Ọjọ́ 7, oṣù kẹrin, ọdún 1927 ni a bí Michael Bàbátúndé Ọlátúnjí ní Àjídò, ìlú àwọn apẹja lẹ́bàá ọ̀sà nítòsí Àgbádárìgì, níbi tí àwọn Ògù àti Yorùbá ti jọ ń gbé. Bàbá rẹ̀ ti kú kí a tó bí i. Orúkọ tí a sọ ọ́ fi èyí hàn. Kì í ṣe agboolé onílù ni ó ti wá. Ibi ọdún ìbílẹ̀ àti ayẹyẹ ìlú ni etí rẹ̀ ti mọ ohùn ìlù, kò sì gbàgbé rẹ̀ mọ́.

Ní Èkó, ó ka ìwé ní Baptist Academy. Nínú ìwé àtìgbàdégbà kan ni ó ti kà nípa ẹ̀bùn owó ẹ̀kọ́ tí ẹgbẹ́ Rotary ń fún àwọn ọ̀dọ́. Ẹ̀bùn yìí ni ó gbé e dé kọ́lẹ́ẹ̀jì Morehouse ní ìlú Atlanta ní ọdún 1950, òun àti ìbátan rẹ̀, Akínṣọlá Akìwọwọ. Akìwọwọ yìí ni ó padà di ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ ìbágbépọ̀ ẹ̀dá ní Yunifásítì Ifẹ̀, tí ó sì fi ọ̀rọ̀ àsùwàdà inú Ifá gbé àbá ìmọ̀ kalẹ̀ fún gbogbo ayé. Ọ̀kan gba ọ̀nà ìwé, èkejì gba ọ̀nà ìlù. Ohun kan náà ni àwọn méjèèjì sì fẹ́ fi hàn, pé ilé Yorùbá ní ọgbọ́n tirẹ̀.

Bí Ìlù Ṣe Di Iṣẹ́

Kì í ṣe onílù ni Ọlátúnjí lọ kọ́ láti dà. Lẹ́yìn tí ó jáde ní Morehouse ní ọdún 1954, ó lọ sí Yunifásítì New York láti kọ́ nípa ìṣàkóso ìjọba. Ṣùgbọ́n ohun tí ó bá lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nípa Áfíríkà kò ju ìtàn ẹranko àti igbó tí wọ́n ń wò nínú sinimá. Èyí ni ó mú kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í lu ìlù fún wọn, tí ó ń kọ́ wọn ní orin, tí ó sì ń ṣàlàyé ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró fún. Nígbà tí owó ẹ̀kọ́ tán, ìlù ni ó ń bọ́ ọ.

Ilé-iṣẹ́ Columbia gba ohùn òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1959, àwo náà, Drums of Passion, sì jáde ní ọdún 1960. Káàkiri ayé ni ó tà dé. Lára orin inú rẹ̀ ni Akìwọwọ, Ọdún Dé, Oyin Mọmọ Adò àti Ṣàngó. Ní ọdún yìí kan náà ni ó bá atẹdùrù Randy Weston ṣe Uhuru Afrika, tí ó sì bá onílù Max Roach ṣe iṣẹ́ lórí òmìnira àwọn aláwọ̀ dúdú.

Òkìkí yìí ní ìdààmú tirẹ̀. Ní ọdún 1964, Serge Gainsbourg, akọrin ilẹ̀ Faransé, mú ohùn orin inú àwo náà lò láìdárúkọ Ọlátúnjí. Ní ọdún 1969, Jin-go-lo-ba di orin tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ Santana lára. Ìbéèrè tí èyí gbé dìde kò tíì tán nílẹ̀: orin tí gbogbo ìlú jọ ni, ta ni ó ni ín nígbà tí ó bá di ọjà?

Ilé Ìlù ní Harlem

Lára àwọn tí ìlù Ọlátúnjí wọ̀ lọ́kàn ni John Coltrane, ọ̀gá nínú fífun fèrè sakisófóònù ní ọ̀nà jáàsì. Ní ọdún 1962, ó sọ orin kan ní Tunji láti fi yẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ sí. Nígbà tí Ọlátúnjí fẹ́ dá Ilé Àṣà Áfíríkà sílẹ̀ ní 125th Street ní Harlem, Coltrane wà lára àwọn tí ó fi owó ràn án lọ́wọ́. Níbẹ̀ ni àwọn ọmọ àdúgbò ti ń kọ́ ìlù, ijó àti èdè. Àwọn méjèèjì, pẹ̀lú Yusef Lateef, tún ń gbìmọ̀ bí àwọn olórin dúdú yóò ṣe máa ṣètò eré ara wọn, kí wọ́n lè bọ́ lọ́wọ́ àwọn tí ń jẹ èrè wọn.

Ní ọjọ́ 23, oṣù kẹrin, ọdún 1967, Coltrane ṣeré nínú ilé náà. Ìyàwó rẹ̀, Alice, ni ó jókòó sí ìdí dùrù píánò. Pharoah Sanders fun fèrè kejì. Algie DeWitt sì lu bàtá. Orin méjì péré ni ó wà nínú ohun tí a gbà sílẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì gùn tó nǹkan bí ìdajì wákàtí. Ogunde ni àkọ́kọ́, orúkọ tí ó ń rán wa létí Ògún; èkejì ni My Favorite Things, orin inú eré orí ìtàgé àwọn Amẹ́ríkà tí Coltrane ti sọ di tirẹ̀. Ara rẹ̀ kò yá mọ́ ní àkókò yìí. Kò tó oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 17, oṣù keje, ó jáde láyé ní ẹni ogójì ọdún.

Alice kò jẹ́ kí iṣẹ́ náà parun. Ní ọdún 1968, ó gbé àwo Cosmic Music jáde ní orúkọ àwọn méjèèjì: orin méjì láti ọwọ́ ọkọ, méjì láti ọwọ́ aya. Ní ti eré inú ilé Ọlátúnjí, ọdún 2001 ni wọ́n tó gbé e jáde, lẹ́yìn ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ohùn inú rẹ̀ kò mọ́ gaara, ṣùgbọ́n a kò ní òmíràn.

Ìgbà Ogbó àti Ikú

Ọlátúnjí kò fi ìlù sílẹ̀. Ó ń kọ́ni káàkiri Amẹ́ríkà, pàápàá ní ìpínlẹ̀ California. Òun àti Mickey Hart, pẹ̀lú Sikiru Adepoju tí ń lu ìlù gángan, wà nínú Planet Drum ti ọdún 1991, àwo tí ó kọ́kọ́ gba ẹ̀bùn Grammy fún orin àgbáyé. Àìsàn ìtọ̀ ṣúgà ni ó dá a gúnlẹ̀. Ọjọ́ 6, oṣù kẹrin, ọdún 2003 ni ó kú ní Salinas. Ọjọ́ kan péré ni ó kù kí ó pé ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin.

Ìkádìí

A lè sọ pé ẹni tí kì í ṣe ọmọ Àyàn kò tọ́ kó jẹ́ aṣojú ìlù wa. Ṣùgbọ́n ohun tí Ọlátúnjí ṣe ni pé ó wá ilé fún ìlù níbi tí a ti fi ipá gba ìlù lọ́wọ́ àwọn baba ńlá àwọn tí ó kọ́. Ilé Harlem náà kò sí mọ́ lónìí. Ohùn inú rẹ̀ ni ó kù. A rọ àwọn olùkọ́ Yorùbá ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wa gbogbo kí wọ́n fi ohùn yìí sí etí àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Kí wọ́n gbọ́ bàtá lábẹ́ fèrè àti dùrù, kí wọ́n sì sọ ohun tí wọ́n rò pé ó ń wí. Bí ọmọ onílé kò bá mọ èdè ìlù mọ́, àlejò ni yóò máa túmọ̀ rẹ̀ fún un.