Bámigbóyè, Agbẹ́gilére Tó Di Olùkọ́ ní Òmù-Àrán

Tí ẹ bá gbéra ní Ìlógbò-Èkìtì, tí ẹ gba Ọ̀tùn kọjá, tí ẹ sì ń lọ títí ẹ fi jáde ní Ìpínlẹ̀ Èkìtì, ọ̀dọ̀ àwọn Èkìtì mìíràn ni ẹ ó bọ́ sí, àwọn tí ààlà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pín mọ́ Ìlọrin. Odò-Ọwá wà níbẹ̀, ní Ìpínlẹ̀ Kwara lónìí. Ìlú yìí ni wọ́n fi mọ Moshood Olúṣọmọ Bámigbóyè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Kájọlà ni wọ́n ti bí i ní nǹkan bí ọdún 1885.

A máa ń dárúkọ Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ ní kíláàsì. Àwọn tó wá láti apá ìwọ̀-oòrùn Èkìtì kì í jẹ́ ká gbàgbé Agbọ́nbíọfẹ́ Adéṣínà, tó gbẹ́ òpó ààfin Ẹ̀fọ̀n-Aláayè. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ Bámigbóyè. Mo rò pé àwa akẹ́kọ̀ọ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, nítorí inú ilé ẹ̀kọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀ gbé e wọ̀.

Ẹpa ló sọ ọ́ di olókìkí. Ẹ̀yin tí ẹ ti wo ọdún Ẹpa rí mọ̀ pé kì í ṣe ère tí wọ́n ń gbé kalẹ̀ lásán. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni ìkòkò, níbi tí ẹni tó ń rù ú ń ki orí bọ̀, ó sì ní ojú níwájú àti lẹ́yìn. Lórí ìkòkò ni ère gan-an wà: jagunjagun lórí ẹṣin, tàbí ìyá ọlọ́mọ, pẹ̀lú àwọn èèyàn kéékèèké tó yí i ká. Lára èyí tí Bámigbóyè gbẹ́, òmíràn ga ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin lọ, ó sì wúwo tó nǹkan bíi kìlógíráàmù 36. Ẹrù yìí ni ọ̀dọ́mọkùnrin máa ń gbé fò gun orí òkìtì lójú gbogbo ìlú. Bó bá balẹ̀ ire, inú ìlú á dùn. Bó bá kọsẹ̀, ọkàn kò ní balẹ̀. Nítorí náà, agbẹ́gilére kò lè ro ẹwà nìkan. Bí ère bá tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan jù, ọrùn ọmọ ọlọ́mọ ni yóò jìyà rẹ̀.

Ní ayé ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ìjọ ló ń kọ́ ọmọ pé iṣẹ́ kèfèrí ni irú nǹkan báyìí. Ọmọ tó bá sì ti ń lọ sílé ìwé láràárọ̀, ta ni yóò jókòó ti agbẹ́gilére kọ́ṣẹ́? Ilé ẹ̀kọ́ ìjọba tó wà ní Òmù-Àrán gbìyànjú ohun mìíràn. J. D. Clarke tó ń bójú tó o fẹ́ kí ẹ̀kọ́ fìdí múlẹ̀ lórí ìgbé ayé àwọn ará ìlú fúnra wọn, ó sì tẹ ìwé jáde lórí ìgbìyànjú náà ní 1937. Láàárín ọdún 1930 sí 1939 yìí ni wọ́n gba Bámigbóyè síbẹ̀ láti máa kọ́ àwọn ọmọ ní igi gbígbẹ́, tí ó sì ń gba owó oṣù.

Ẹ wo ọkùnrin yìí ná: orúkọ Mùsùlùmí ló ń jẹ́, orí Ẹpa ló ń gbẹ́, ilé ìwé òyìnbó ló ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn tó ń sọ pé ẹnìkan kò lè di mẹ́ta mú kò rí i.

Ṣùgbọ́n kí ni ilé ìwé lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀? Àwọn agbẹ́gilére agbègbè wa máa ń pín iṣẹ́ sí ìpele: ọ̀nà lílé, níbi tí àáké ti ń la igi sí orí, ara àti ẹsẹ̀, alétúnlé, tí ìrísí rẹ̀ ń jáde, dídán, lẹ́yìn náà fínfín, tí ọ̀bẹ ń fi irun àti ìlà hàn. Ìwọ̀nyí ṣeé kọ́ ní kíláàsì, bí agogo tilẹ̀ ń lù. Òkìtì Ẹpa kò ṣeé gbé wọ kíláàsì. Ère tí ọmọ ilé ìwé gbẹ́ kò ní ọdún tó ń retí rẹ̀. Bámigbóyè fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àga àti férémù àwòrán fún oníbàárà tuntun. Àwọn kan lè pe èyí ní ìfàsẹ́yìn. Èmi kò gbà. Ọmọ tí wọ́n ti ń sọ fún pé ọgbọ́n ilé rẹ̀ kò jámọ́ nǹkan rí ará ilé rẹ̀ níbi tí tíṣà ń dúró sí, tí ó ń gba owó bíi tíṣà. Ìyẹn kì í ṣe ohun kékeré.

Ní 1947, àwọn fádà ìjọ Àgùdà, Kevin Carroll àti Sean O'Mahony, dá ilé iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Ọyẹ́-Èkìtì. Bándélé, ọmọ Àreògún ará Òsì, ń gbẹ́ igi níbẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni Làmídì Fákẹ́yẹ ti kọ́ṣẹ́ kó tó di olùkọ́ ní yunifásítì Ifẹ̀. Nígbà yẹn, ilé ẹ̀kọ́ Òmù-Àrán ti fi hàn tipẹ́ pé ó ṣeé ṣe.

Bámigbóyè kú ní 1975. Ní oṣù kẹsàn-án 2022, yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà ṣí àfihàn kan tó dá lórí òun nìkan, ó sì parí ní oṣù kìíní 2023. Iṣẹ́ rẹ̀ wà lára àkójọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà ní Oníkan, l'Ékòó. Bí ẹ bá dé ibi tí orí Ẹpa wà, ẹ kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ wo ìkòkò ìsàlẹ̀ kí ẹ tó gbójú sókè wo ẹlẹ́ṣin.