Mojọlá Agbẹ̀bí: Ó Sin Jésù, Kò Di Òyìnbó

Ìtàn Mojọlá Agbẹ̀bí ni mo mú wá lóṣù yìí.

Ọdún 1860 ni wọ́n bí i. David Brown Vincent lorúkọ tí wọ́n sọ ọ́, torí láyé ìgbà yẹn, ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ ló ń jẹ́ orúkọ òyìnbó. Ó ṣe tíṣà, ó ṣiṣẹ́ ìwé ìròyìn, ó sì wọ ìjọ Onítẹ̀bọmi ní Èkó.

Àwọn míṣọ́nnárì Amẹ́ríkà ló ń darí ìjọ náà. Ní 1888, ọ̀gá wọn lé Pásítọ̀ Moses Ládẹ̀jọ Stone, ọmọ Yorùbá, kúrò lẹ́nu iṣẹ́ láìbi ìjọ léèrè. Inú bí wọn gan-an. Púpọ̀ jáde, Agbẹ̀bí sì wà lára wọn. Wọ́n dá Native Baptist Church sílẹ̀. Ẹ rò ó wò: kò sí owó Amẹ́ríkà mọ́, àwọn fúnra wọn ló ń dáwó.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà rí. Ní 1635, wọ́n ní kí Roger Williams kúrò ní Massachusetts, torí ó ní ìjọba ò gbọ́dọ̀ fipá mú ẹnikẹ́ni ṣe ẹ̀sìn. Ó lọ tẹ Providence dó ní 1636, ibẹ̀ sì ni ìjọ Onítẹ̀bọmi ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Òmìnira yẹn náà ni àwọn ará Èkó ń bèèrè.

Ní 1894, ó pa orúkọ òyìnbó tì, ó di Mojọlá Agbẹ̀bí. Aṣọ ilẹ̀ wa ló ń wọ̀. Kò fi Jésù sílẹ̀ o. Ó wàásù títí dé agbègbè Niger Delta. Ní 1914, ìjà parí, àwọn tó jáde àtàwọn tó kù para pọ̀ di Yoruba Baptist Association, òun sì ni ààrẹ àkọ́kọ́. Ó kú ní 1917.

Lónìí, abala 38 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 fún oníkálukú lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣe ẹ̀sìn tó wù ú. Ní họ́sítẹ́ẹ̀lì wa ní Àbújá níbí, ẹnì kan á máa kírun, ẹnì kan á máa gbàdúrà lórúkọ Jésù, lẹ́yìn náà a ó jọ tò sórí ìlà oúnjẹ.

Èmi náà, orúkọ òyìnbó ni mo fi ń dáhùn tẹ́lẹ̀. Mo ti sọ fáwọn ọ̀rẹ́ mi báyìí pé orúkọ Yorùbá mi ni kí wọ́n máa pè.