Joseph Pilates, Olùkọ́ Ìdárayá

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kejìlá ọdún 1883 ni a bí Joseph Pilates ní ìlú Mönchengladbach, ní ilẹ̀ Jámánì. Ọmọ aláìlera ni. Ikọ́ fée kì í jẹ́ kí ó mí kanlẹ̀, ibà làkúrègbé bá a jà, bẹ́ẹ̀ ni àrùn tí í mú kí eegun ọmọdé rọ̀ kọlù ú pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá rí i nígbà náà kò lè rò pé òun ni yóò kọ́ àwọn alágbára ní bí a ti í dúró ṣánṣán.

Kò gbà fún àìsàn. Ó fi eré ìdárayá àti ẹ̀ṣẹ́ kíkàn tún ara rẹ̀ ṣe títí ó fi di géńdé, ó sì kọjá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1914, ìjọba ibẹ̀ kó àwọn ará Jámánì sí àhámọ́. Pilates bá ara rẹ̀ ní àgọ́ Knockaloe, ní erékùṣù Isle of Man, níbi tí wọ́n há àwọn ọkùnrin tí ó lé ní 20,000 mọ́. Ìjókòó lásán a máa tètè sọ géńdé di arúgbó; Pilates kò jókòó. Ó ń kó àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jọ, ó ń kọ́ wọn ní ìdárayá. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ a máa sọ pé fún àwọn tí kò lè dìde, ó so sípíríǹgì mọ́ ibùsùn wọn, kí wọ́n lè máa fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ fà á níbi tí wọ́n dùbúlẹ̀ sí. Bóyá ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ tí ó ṣe lẹ́yìn náà fi jọ ibùsùn: pákó pẹrẹsẹ tí ń yọ̀ síwá sẹ́yìn, tí sípíríǹgì sì ń fà á padà.

Ní ọdún 1926 ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Amẹ́ríkà. Nínú ọkọ̀ náà ni ó ti pàdé Clara, obìnrin tí ó bá a ṣiṣẹ́ títí ó fi kú. Wọ́n tẹ̀ dó sí New York, àwọn oníjó sì ń wọ́ tọ̀ wọ́n wá, nítorí oníjó tí ẹ̀yìn ń ro ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdánù oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀.

Contrology ni Pilates pe ẹ̀kọ́ rẹ̀, èyí ni pé kí ọkàn máa ṣe àkóso ara. Gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ náà, kì í ṣe ẹ̀yìn nìkan ni à á wò bí ẹ̀yìn bá ń dunni. Àwọn iṣan ikùn, ìbàdí àti ìdí ni ó gba ọ̀pá ẹ̀yìn dúró, gẹ́gẹ́ bí ọ̀já ti í gba ọmọ dúró lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Bí wọ́n bá dẹ̀, èjìká a sọ̀, àyà a wọnú, ìnira a sì bá ìbàdí. Nítorí náà ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò ṣe dùbúlẹ̀ lórí ẹní, yóò fa ikùn wọlé, yóò gbé orí àti ẹsẹ̀ sókè, yóò sì máa ju apá sókè sódò bí ó ti ń mí, títí yóò fi ka 100. Díẹ̀ tí a ṣe bí ó ti yẹ sàn lójú Pilates ju ọ̀pọ̀ tí a ṣe wúruwùru lọ. Irú ìdárayá bẹ́ẹ̀ 34 ni ó kọ sínú ìwé kan ní ọdún 1945.

Ó dùn ún gan-an pé ọ̀pọ̀ oníṣègùn ìgbà ayé rẹ̀ kò kọbi ara sí i. Ọdún 1967 ni ó kú, ní ẹni ọdún 83. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni ẹ̀kọ́ náà tàn ká ayé, tó bẹ́ẹ̀ tí ilé ẹjọ́ kan ní New York fi dájọ́ ní ọdún 2000 pé orúkọ Pilates kì í ṣe ohun ìní ẹnì kan ṣoṣo mọ́. Ní ọdún 2015, àwọn onímọ̀ tí wọ́n gbé ìwádìí púpọ̀ yẹ̀ wò rí i pé ó lè dín ìrora ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn kù, ṣùgbọ́n wọn kò rí ẹ̀rí tí ó dájú pé ó borí àwọn ìdárayá mìíràn. Pilates, tí kò gbà pé ẹ̀kọ́ kankan tó tirẹ̀, ìbá bínú sí apá kejì ọ̀rọ̀ yìí.