Gbénga Adébóyè: Ohùn kan, ẹ̀sìn mẹ́ta

Ọjọ́ 30, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1959 ni wọ́n bí Olóògbé Gbénga Adébóyè, ọmọ Òde-Òmu ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Nígbà tí oṣù tó tẹ̀lé e ń parí lọ ni ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ṣí WNTV n'Íbàdàn, kí àwọn ará ilé lè ní ibi tí wọn yóò ti máa sọ tiwọn. Àfi bíi pé wọ́n bí ọmọ náà mọ́ iṣẹ́ ọ̀hún ni.

Rédíò Lagos ni òkìkí rẹ̀ ti kàn, lórí ètò Fúnwọntán, tó padà di orúkọ tí tọmọdé tàgbà ń pè é. Òun nìkan á ṣe bíi ààfáà, á di pásítọ̀, ká tó ṣẹ́jú, ó ti di babaláwo. Ìdí nìyí tó fi ń pe ara rẹ̀ ní Alhaji Pásítọ̀ Olúwo. Àwọn ẹlẹ́sìn tó ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ gan-an ló ń rẹ́rìn-ín jù. Ó ń tibẹ̀ kìlọ̀ fún wọn kí wọ́n má bára jà. Kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dé Dùgbẹ̀ àti Onírèké n'Íbàdàn, ó dé oko.

Àrùn kíndìnrín ló pa á ní ọjọ́ 30, oṣù kẹrin, ọdún 2003, lẹ́ni ọdún 43.

Lónìí, ọ̀pọ̀ sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ló ń fowó ara wọn ra àsìkò lórí rédíò, tí ìpolówó ọjà sì ń gba èyí tó pọ̀ níbẹ̀. A ò ní kí wọ́n má jẹun o. Àmọ́ bílẹ̀ bá ti ṣú, níbòmíràn, kọ̀ǹpútà nìkan ló ń kọrin. Kò sẹ́ni tó máa kí ará ìlú.